Ilẹ̀ Tó Di Látúndé Lórúnkún Mú

Ẹ jókòó dáadáa. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ojú àwọn àgbà rí kí wọ́n tó máa pa á lówe pé ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀? Ẹ̀yin rò pé àánú ni wọ́n ń sọ. Àánú kẹ̀!

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Látúndé. Àwẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ bímọ, ìyá Àwẹ̀ní sì gbé ẹja àrọ̀ yíyan ńlá kan wá nínú apẹ̀rẹ̀, èyí tí wọn yóò fi ṣàdúrà fún ọmọ. Lọ́jọ́ ìkómọ gan-an, egungun ló kù nínú apẹ̀rẹ̀. Ètè Látúndé sì ń dán.

Baálẹ̀ ní kó kúnlẹ̀ níwájú ilé òun, lórí ilẹ̀ tí wọ́n sin àwọn baálẹ̀ àtijọ́ sí.

"Látúndé, ta ló jẹ ẹja ọmọ yìí?"

"Bàbá, èmi kọ́ o. Ọwọ́ mi ló ṣèèṣì nà sí i."

Ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá tutù nini. Ọwọ́ náà dìde fúnra rẹ̀, ó na ìka sí iwájú orí Látúndé. Látúndé fi ọwọ́ òsì fà á wálẹ̀ títí, kò gbà. Ilẹ̀ abẹ́ orúnkún rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì ń mu ún lọ díẹ̀díẹ̀.

"Mo ní ta ló jẹ ẹja?"

"Ẹnu ni, Bàbá! Ẹnu ló jẹ ẹ́, ọ̀fun ló gbé e mì. Kí ló wá kàn mí níbẹ̀?"

Ilẹ̀ gbé e mì dé ìbàdí. Látúndé gbọ́ tí àwọn arúgbó kan ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀. Ọwọ́ tútù kan tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò, bí ẹni ń tẹ ọsàn wò kó tó rà á.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. "Ọkọ Àwẹ̀ní, jọ̀ọ́, sọ ọ́! Ta ni kí ọmọ yìí máa pè ní bàbá?"

"Iṣẹ́ èṣù ni, Ìyá!"

Ilẹ̀ tún gbé e mì títí ó fi ku orí nìkan. Ẹnu tó ti dá lẹ́bi ń kú lọ, kò fẹ́ bá a ṣiṣẹ́ mọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀ láyà Àwẹ̀ní, ọmọ tí kò tíì lórúkọ, àánú ọmọ náà sì ṣe é gidigidi. Agbára káká ló fi la ẹnu.

"Èmi ni. Èmi Látúndé ni mo jẹ ẹ́. Ebi ò tilẹ̀ pa mí. Ó kàn ń ta sánsán ni."

Ilẹ̀ gùfẹ̀ gbàà! Ó tu Látúndé síta, ọkùnrin náà sì balẹ̀ sórí itan ìyá ìyàwó rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan!

Kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, Baálẹ̀ rí i pé ilẹ̀ ti ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ tòun náà. Kò dúró kí wọ́n bi í. Ó kúnlẹ̀ gbì: "Ewúrẹ́ Ìyá Àwẹ̀ní tó sọnù léṣìí, èmi ni mo jẹ ẹ́!" Kí eruku tó mọ̀ pé orúnkún dé, ó ti dìde. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́wọ́, tí wọ́n ń fò dìde. Àwọn àgbà tó ń sáré gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síra wọn lọ́nà ilé: ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.