Ọjọ́ Tí Mo Jókòó Lé Ìwé Màdáàmù Esi

Ọjọ́ kan ń bẹ tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá rántí ẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ńṣe ni màá kàn ṣàdédé fọwọ́ bojú. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbogbo àdúgbò wa ní Mamobi ló mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ-ọmọ mi Mùlíkà, tó ń bá mi kọ èyí, ló ní kí n sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ náà kàn án. Èmi ò kàwé. Ohun tí mo bá wí ni kó kọ, kó má fi kún un.

Aṣọ àlòkù tó ń ti òkè òkun wọ̀lú ni mò ń tún ṣe ní ọjà Kantamanto. Màá pààrọ̀ bọ́tìnnì, màá gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, màá dí ibi tó ya. Ọ̀dọ̀ èmi àti ìyàwó mi ni Mùlíkà ti dàgbà. Nígbà tó wọ yunifásítì, gbogbo aṣọ tó wọ̀ lọ, èmi ni mo rán an. Inú mi dùn, àfìgbà tí ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa jẹun alẹ́.

Kò wá sílé wa o. Orúkọ ẹ̀ ló ń wá. Bí a bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, Mùlíkà á ní, "Nana bá mi wá ìwé lónìí." "Nana ní kí n má máa kàwé láìjẹun." "Nana gbọ́n paa!" Mo bi í pé ta ní ń jẹ́ Nana. Ó ní bàbá kan ni, ní láíbírì wọn, tó ń jókòó lẹ́yìn káńtà, tó ń tọ́jú ìwé tí àwọn tíṣà yà sọ́tọ̀ fún kíláàsì wọn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, wọn kì í sì í gbé e lọ sílé. Èèyàn á gbà á, á kà á níbẹ̀ fún wákàtí méjì, á dá a padà kí ẹlòmíì lè gbà á. Ó ní bí ọmọ ilé-ìwé ò bá tiẹ̀ mọ orúkọ ìwé, kó ṣáà ti dárúkọ tíṣà, Nana á wá a jáde.

Ẹni tó bá gbọ́ Twi, èdè ìlú tí à ń gbé yìí, mọ̀ pé Nana ni wọ́n ń pe bàbá àgbà. Èmi sì nìyí, mi ò tíì kú.

Ìyàwó mi ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ ń jowú."

"Owú kẹ̀? Lórí kí ni?"

"Gbogbo àgbàlagbà ìlú yìí ni wọ́n ń pè ní Nana. Ẹ kúkú lọ bá gbogbo wọn jà."

Mo kàn ń jẹun mi lọ. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí Mùlíkà tó ń bu àkàrà sínú ọ̀rá, ó ní Nana lòun ń gbé e lọ fún. Àkàrà tí ìyàwó mi dín, tí wọn ò tíì fún èmi gan-an! Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní kékeré.

Nígbà tó yá, lálẹ́ ọjọ́ kan, Mùlíkà ń mí kanlẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ó ní ìdánwò ń bọ̀ lọ́sàn-án ọ̀la, inú ìwé Màdáàmù Esi, tíṣà wọn, ló sì ti máa jáde. Ìwé náà, ẹyọ kan ló wà. Ó ku apá ìkẹyìn tí kò tíì kà. "Mo ní kíláàsì láàárọ̀. Kí n tó débẹ̀, ẹlòmíì lè ti gbà á." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ Nana ò ní jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi."

Nana ò ní jẹ́! Mo ti abọ́ oúnjẹ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo wọ agbádá funfun tí mo fi ń lọ sí Yídì. Mo ní Kantamanto ni mò ń lọ. Ìyàwó mi wò mí tòkètilẹ̀, ó ní, "Ọjà yẹn ti di mọ́sálásí ni?" Mo wọ ọkọ̀ trotro tó ń lọ sí Madina, mo bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, mo béèrè láíbírì títí mo fi débẹ̀.

Agbádá yẹn ṣiṣẹ́. Mẹ́gàádì tó wà lẹ́nu ọ̀nà tẹríba fún mi, kò béèrè nǹkan kan. Mo yọjú wo inú, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ilẹ̀ ń dán, gbogbo èèyàn tẹ orí ba. Èmi mọ irú ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé. Mẹ́gàádì wo bàtà náà, ó wo èmi.

Mo ti ya ọkùnrin yẹn sọ́kàn tẹ́lẹ̀: ẹlẹ́nu dídùn kan tí kò mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tí mo bá lẹ́yìn káńtà mọ́ tónítóní, irùngbọ̀n ẹ̀ sì funfun ju tèmi lọ. Ọmọkùnrin kan wá bá a, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Kò mọ orúkọ ìwé tó ń wá, kò mọ ẹni tó kọ ọ́, ó ṣáà ní àwọ̀ búlúù ni. Ọkùnrin náà ò fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kíláàsì ta ni?" Ọmọ náà dárúkọ tíṣà ẹ̀. Ọkùnrin náà yí padà, ó nawọ́ sókè, ó gbé ìwé kan sílẹ̀. Àwọ̀ ewé ni. Ọmọ náà pariwo, "Òun ni, Nana!"

Ó dùn mí o. Mo fẹ́ kó gbé èyí tí kì í ṣe òun.

Ó kàn mí. Ó fi Twi kí mi káàbọ̀, "Nana, akwaaba." Ó pe èmi náà ní Nana! Inú mi fẹ́ rọ̀, mo tètè mú un le padà. Àwọn àgbàlagbà kan wà tó ń lọ síléèwé níbẹ̀, ó rò pé mo wà lára wọn. "Kíláàsì ta ni?"

"Màdáàmù Esi."

Ó gbé ìwé náà wá, ó béèrè káàdì mi. Mo ní ó wà nínú báàgì tí mo fi sọ́dọ̀ mẹ́gàádì. Irọ́ ni, mi ò gbé báàgì wá. Ó wo irùngbọ̀n mi, ó wo ẹsẹ̀ mi tí kò sí bàtà. "Ó dáa, Nana. Ẹ jókòó sítòsí ibí, kí n lè máa rí yín. Wákàtí méjì o."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe, torí lójú mi, ọgbọ́n ni. Ní Kantamanto, tí wọ́n bá tú bẹ́ẹ̀lì aṣọ, ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wọ inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tóo bá rí ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa tóo fẹ́ fi pamọ́ fún oníbàárà ẹ, o ò ní fi dání, wọ́n á já a gbà. Ńṣe ni wàá jókòó lé e. Ohun tí àgbàlagbà bá ti jókòó lé, kò sẹ́ni tí í fà á. Ni mo bá fi ìwé Màdáàmù Esi sórí àga, mo jókòó lé e, mo da agbádá bo gbogbo ẹ̀. Tí Mùlíkà bá dé, á mọ ẹni tó ń jẹ́ Nana.

Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí mi lára. Mi ò sì sùn dáadáa lóru, owú ò jẹ́. Mo ní kí n kàn pa ojú dé díẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu Mùlíkà ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ń wá béèrè ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nana wò mí, kò rí ìwé lọ́wọ́ mi, kò rí i lórí tábìlì. Jíjí àgbàlagbà tó ń sùn, ojú ń tì í. Ó wá rò pé mo ti dá a padà, pé òun lòun ṣì í gbé. Ó tú gbogbo pẹpẹ ìwé, ó wo inú agbọ̀n ìdọ̀tí, òógùn ń bo ojú ẹ̀ nínú òtútù yẹn. Nígbà tí Mùlíkà fi máa dé, àwọn ọmọ ti wà nílẹ̀ tí wọ́n ń yọjú sábẹ́ tábìlì. Òun náà kúnlẹ̀, ó yọjú. Ẹsẹ̀ méjì ló rí. Ó ní òun dá àtàǹpàkò náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ kan ń sọ lókè orí ẹ̀ pé, "Chale, bàbá Alata yìí ń hanrun bíi jẹnẹrétọ̀!" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

"Bàbá!"

Mo jí. Bí mo ṣe rí ojú ẹ̀, ayọ̀ kún inú mi. "Mùlíkà, fọkàn balẹ̀. Mo ti bá ẹ di ìwé náà mú. Kò sẹ́ni tó lè gbà á."

"Ìwé wo, Bàbá?"

"Ti Màdáàmù Esi."

"Ibo ló wà?"

Mo dìde. Ìwé náà wà níbẹ̀, ó ti gbóná, ó ti tẹ̀ láàárín. Ẹ̀rín bú nínú ilé tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ sókè. Mẹ́gàádì sáré wọlé láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀, bàtà mi wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Ta ló ni èyí?" Gbogbo wọn nawọ́ sí mi.

Mùlíkà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Omi ti lé sójú ẹ̀. "Bàbá, ìdánwò ti kù díẹ̀. Gbogbo wa la ti ń wá a."

"Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo gbé e fún ẹ." Èyí tó kàn bọ́ lẹ́nu mi kí n tó gbá a mú: "Kì í ṣe ọkùnrin yẹn."

Nana gbọ́. Mo rò pé á bú mi, torí ó tọ́ sí mi. Ó kàn gbé ìwé náà, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ, ó ṣí yàrá kékeré kan tí wọ́n ti máa ń jíròrò. "Ìwé kan ni, àkókò ò sì sí. Kí ẹnì kan kà á síta, kí àwọn yòókù máa gbọ́. Mùlíkà, ohùn ẹ là dáadáa." Ó wá kọjú sí mi. "Nana, ẹ̀yin náà ẹ wọlé, kí ẹ jókòó. Sórí àga nìkan."

Mùlíkà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Òyìnbó tí mo gbọ́ ò dé ibẹ̀, ohùn ẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ó ń kà á geere. Tó bá dúró, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á ní, "Tún ibẹ̀ kà fún wa," á tún un kà. Látìgbà tó ti wọ ilé-ìwé, mi ò gbọ́ kó kàwé rí, torí mi ò ní kó kà á fún mi rí. Bóyá aṣọ ẹ̀ ya ni mo máa ń béèrè.

Nígbà tí wọ́n sáré lọ síbi ìdánwò, ó ku èmi àti ọkùnrin náà. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá tó ń ránṣọ? Ojoojúmọ́ ló ń dárúkọ yín. Mo rò pé ẹ ga ju báyìí lọ."

Mo ní, "Èmi náà rò pé ẹ burẹ́wà ju báyìí lọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó ní, "Àkàrà yín dùn o."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Mùlíkà yege. Kò ṣe ipò kìíní o. Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, mo ní kó kọ ọ́. Ohun tí mo kọ́ ni pé, tí èèyàn bá di nǹkan mú jù nítorí ẹni tó fẹ́ràn, ọwọ́ ẹni yẹn gan-an ni kò ní tó o. Nana ṣì ń bá wa jẹun alẹ́ títí dòní, orúkọ ẹ̀ ni mò ń wí. Owú ò jẹ mí mọ́. Àfi díẹ̀. Mùlíkà, kọ "díẹ̀" yẹn sílẹ̀. Ẹ wò ó, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń bá a rín in, kí ni mo tún fẹ́ ṣe?