Ìlà Pupa Inú Àgbá

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Ọ̀gá Kún-Dẹ́nu dáadáa, kí ó wò ó nígbà tí ó bá ń mu tíì láàárọ̀. Yóò da omi gbígbóná sínú kọ́ọ̀bù títí omi yóò fi ga ju etí kọ́ọ̀bù lọ, bí ẹni fẹ́ yọjú wo ìta. Ọwọ́ kò lè gbé irú kọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kí ó má dà. Nítorí náà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni í bẹ̀rẹ̀ lọ bá tíì lórí tábìlì. Ọkùnrin tí kò tẹ orí ba fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà tí ó ti di oníléeṣẹ́, àràárọ̀ ló ń forí balẹ̀ fún kọ́ọ̀bù.

"Ohun tí kò bá kún, òfò ni," ni ó máa ń wí, tíì á sì máa kán tótó láti irùngbọ̀n rẹ̀.

Bàtà tí ó há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ló ń rà, torí pé àyè tí ó bá ṣẹ́ kù níwájú àtàǹpàkò, awọ tí a rà tí a kò lò ni. Àpótí ìrìn-àjò rẹ̀ kò ní síìpù mọ́. Okùn ni ó fi ń dì í. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kún-Dẹ́nu, wọ́n sì fi oríkì sí i: Kún-Dẹ́nu akún-má-wẹ̀yìn, a-rí-àyè-má-fi-sílẹ̀, ọkọ àgbá, àna agolo! Ó rò pé wọ́n ń yin òun ni. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn ọ́fíìsì òun.

Àtíkè ojú ni iléeṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ẹfun lúbúlúbú ni wọ́n máa ń kó jọ, wọn á bu ìyẹ̀fun pupa sí i kí ó lè jọ àwọ̀ ara ènìyàn, wọn á wá da gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní mísà. Àgbá irin ńlá kan ni, tí ó dùbúlẹ̀ gbalaja, tí apá irin ń yí nínú rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà fa ìlà pupa kan sí inú rẹ̀, ní ìdajì gẹ́lẹ́. Ìyẹ̀fun kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ohun tó fà á kò ju pé ìyẹ̀fun tí kò bá ráyè gbéra kí ó tún ṣubú kò ní dàpọ̀. Pupa á ṣù sọ́tọ̀, funfun á jókòó sọ́tọ̀, bí àwọn ìyàwó tí wọ́n ń bá ara wọn jà.

Ìlà yìí ni kò jẹ́ kí Kún-Dẹ́nu rí oorun sùn. Ní ọjọ́ kan, ó dúró ti ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn.

"Baba Mísà," ni ó pe ọkùnrin tí ó ń bójú tó o, "àgbá odidi ni mo rà, àbí?"

"Odidi ni, ọ̀gá."

"Ìdajì là ń lò. Ta ló ń lo ìdajì tó kù?"

Baba Mísà yọjú wo inú àgbá. "Atẹ́gùn ni, sà."

"Ṣé atẹ́gùn dá owó sí i nígbà tí mo ń rà á ni?"

"Mi ò rí i níbẹ̀, sà."

"Kó jáde!"

Ọ̀gá gba búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà pupa. Ó pa ìlà àtijọ́ rẹ́, ó tẹ̀ wọ inú àgbá títí ó fi ku ẹsẹ̀ níta, ó sì fa ìlà tuntun sí abẹ́ ẹnu àgbá gan-an. Nígbà tí ó jáde, ó ń làágùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé. Ó lọ bá ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ń rọ àtíkè sínú agolo.

"Mo ti fẹ ẹ̀rọ yẹn lójú."

"Báwo lẹ ṣe fẹ̀ ẹ́?"

"Mo gbé ìlà rẹ̀ sókè."

Ìyàwó wò ó títí. "Bàbá àwọn ọmọ, tí mo bá gbé ìlà sókè lára ìgò epo, ṣé epo á pọ̀ sí i ni?"

"Ìdí nìyẹn tí ìwọ kò fi ṣe ọ̀gá," ni Kún-Dẹ́nu dáhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n da ìyẹ̀fun dé ìlà tuntun. Ẹ̀rọ kérora. Apá irin ń yí nísàlẹ̀, ìyẹ̀fun òkè jókòó jẹ́ẹ́, kò mira. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ tẹ díẹ̀ mọ́ bébà funfun kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti pò. Ọ̀gá ní kí wọ́n má ra bébà mọ́, pé ojú òun ti tó. Lóòótọ́, lójú, kò sí àléébù kankan. Èérún pupa tí kò pò máa ń fi ẹfun bo ara bí olè tí ó wọ aṣọ àlùfáà. Ó di ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ kí ó tó jẹ́wọ́.

Ní ìpẹ̀kun òpópónà náà, àbúrò Kún-Dẹ́nu ní irú iléeṣẹ́ yìí kan náà. Ìlà ìdajì ni òun ń bá lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìdajì. "Ìdajì àgbá, ìdajì ọpọlọ," ni í máa wí fún àlejò.

Ó wá ku obìnrin kan tí yóò parí ẹjọ́ náà. Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù ní ilé ìtajà káàkiri, àtíkè ẹyọ kan péré ló sì fẹ́ gbà sínú gbogbo wọn. Ó ní òun yóò yan nínú ti ẹ̀gbọ́n àti ti àbúrò. Kún-Dẹ́nu kò dúró dè é. Ó ti tẹ àwòrán ojú ara rẹ̀, tirùngbọ̀n-tirùngbọ̀n, sára gbogbo agolo, ó sì ti tò wọ́n kan àjà. Bí obìnrin yìí kò bá gbà á, kò sí ẹlòmíràn láyé tí yóò ra àtíkè obìnrin tí ó hu irùngbọ̀n.

Ọjọ́ pé. Gbogbo òṣìṣẹ́ péjọ sí ìdí mísà. Oòrùn mú, páànù orí ilé ń ta wọ́n lára. Ìdajì jókòó sí ẹ̀yìn, ó gbé agolo kan sórí itan.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù ṣí agolo ọ̀gá. "Ó dára lójú. Ẹ bá mi wá bébà funfun kan, kí n tẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n wá bébà, wọn ò rí.

"Bébà kẹ̀?" Kún-Dẹ́nu dìde. "Ìyá, kí la fẹ́ fi bébà ṣe? Ojú mi gan-an ni bébà!"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ìdajì wí jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ kí wọ́n lo bébà."

"Dákẹ́, Ìdajì. Ojo ló ń lo bébà."

Ó fi òwú bu àtíkè. Kò bu díẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí, ó fà á wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tún fà á dé àgbọ̀n. Òógùn pàdé àtíkè. Èérún pupa bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù sì fa ìlà tirẹ̀ bí ìgbín tí ó kọjá lára ògiri.

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Kún-Dẹ́nu rò pé ẹwà ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

"Ẹ wò ó dáadáa!" ni ó wí, ó ń yí ojú síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ojú tí ẹ ń wò yìí ni gbogbo obìnrin á máa gbé rìn! Baba Mísà, ṣé ó dọ́gba?"

"Ó dọ́gba, sà. Mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì."

"Mẹ́ta kí ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ń rọ àtíkè ti ki ìborí rẹ̀ bọ ẹnu. Ọ̀gá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn, ó rí pupa.

"Yéè! Mo ti fara pa!"

"Ẹ ò fara pa, bàbá àwọn ọmọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ ò kàn pò dáadáa ni."

Ó gbé ìdérí agolo fún un, èyí tí ó ní dígí nínú. Ọ̀gá wo inú rẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n ti ń há mọ́ ọ̀fun bú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì kún dẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé agolo sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀gá, ó wo àwòrán, ó wo ẹni. "Wọn ò jọra mọ́," ni ó wí. Ó lọ yọjú sínú mísà, ó rí ìyẹ̀fun tí ó ga dé ẹnu, ó rí ìlà tí ọ̀dà rẹ̀ kán ṣàn wálẹ̀.

"Ta ló fa èyí?"

Gbogbo ojú yí sí ibì kan náà.

Ó pa báàgì rẹ̀ dé. "Àbúrò, tìẹ ńkọ́?"

Ìdajì yọ bébà funfun kan jáde nínú àpò, ó ká a sí méjì. Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àtíkè Ìdajì mọ́ ọn, ó fà á. Àwọ̀ náà tẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ní kókó, kò ní ìlà.

"Ó tó. Jẹ́ ká lọ síbi tí o ń kó o sí."

Wọ́n jáde, àwọn òṣìṣẹ́ sì tẹ̀ lé wọn láti sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ó ku Kún-Dẹ́nu láàárín agolo tí ó kan àjà, gbogbo wọn ń fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Baba Mísà ló padà wá. Ó mú àkísà lọ́wọ́ kan, ó mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kejì.

"Ọ̀gá," ni ó wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "ìlà tó wà lójú yín yìí, ṣé kí n pa á rẹ́ ni, àbí kí n gbé e sókè díẹ̀ sí i?"