Orin Keje Tó Jó Gààrí

Ẹjọ́ kan dé ààfin ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìtàjí lánàá, tí àwọn ìjòyè ò mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí wọ́n tún fìlà dé.

Monísọ́lá ló pẹjọ́. Òun ló ni ẹ̀rọ orin tó máa ń kọ lábẹ́ àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń yan gààrí. Ẹlúyẹmí ló pè lẹ́jọ́, opó tí agbada rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹlúyẹmí jókòó, ó ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá lé e kúrò níbẹ̀, ilé ni yóò ti máa yan gààrí, ilé náà sì ti dákẹ́ jù fún un.

“Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí,” Monísọ́lá bẹ̀rẹ̀. “A máa ń ran ara wa lọ́wọ́ ni. Mo bá a bó ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó ní òun á bá mi yan tèmi lọ́jọ́bọ̀. Kí n tó pọnmi dé, gààrí mi ti di èédú.”

“Nítorí gààrí lo ṣe wá?”

“Rárá o. Gààrí a máa jóná. Ohun tó sọ ni mi ò lè gbé mì. Ó ní kì í ṣe òun, Ìmọ́lẹ̀ ló jó o.”

Olóyè Bámgbóṣé gbórí sókè. “Ọmọ ta ni Ìmọ́lẹ̀ nílùú yìí?”

“Olórin ni, Bàbá. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Àwo orin rẹ̀ tuntun, tó ní orin mẹ́wàá, ni mo gbé sí i lọ́jọ́ náà. Èkó ni ọmọ yẹn jókòó sí, kò fọwọ́ kan agbada wa rí. Kí Ẹlúyẹmí gbé tirẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹni tó ń ba olórin jẹ́ ò gbọdọ̀ máa gbọ́ orin rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.”

“Ẹlúyẹmí, o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Kábíyèsí. Mi ò bà á jẹ́. Ohun tí gààrí sọ ni mo sọ.”

“Gààrí ti ń sọ̀rọ̀?”

“Bí orin bá ṣe yá sí ni ọwọ́ wa ṣe ń yá. Èmi ò kì í tẹ̀ lé olórin kankan, èyí tó bá ṣáà bọ́ sí mi létí ni mo gbọ́. Orin kìíní yá, gààrí fúyẹ́. Èkejì dáa jù ú lọ. Nínú ẹ̀kẹta, ó ń dárúkọ mọ́tò. Mi ò mọ àwọn mọ́tò náà, ṣùgbọ́n gààrí ò kọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹrin ló wá fi Òyìnbó kọ látòkèdélẹ̀, gààrí bá ń di kókó.”

Ẹ̀rín gba àárín àwọn ìjòyè.

“Ìkarùn-ún àti ìkẹfà, mo dárí jì í. Ìkeje ló jó o. Ó fà á bí ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ tí kò fẹ́. Ọwọ́ mi náà ń fà tẹ̀ lé e. Iná ní tirẹ̀ ò gbọ́ orin.”

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Pẹ̀lúmi ọlọ́kadà, tó wá gbé àpò gààrí lọ sí Ọyẹ́ lọ́jọ́ náà, ló kọ́kọ́ dìde. “Ojú mi ló ṣe. Ijó ni wọ́n ń jó. Ijó ni wọ́n fi gbàgbé gààrí.”

“Ijó wo?” Ìyá Gift, ẹlẹ́rìí kejì, dá a lóhùn. “Lẹ́nu ulé tí mo ti ń bó ẹ̀gẹ́, ìwọ ni mo rí tó ń jó, tí ọ̀kadà rẹ fi wó lu ewúrẹ́ mi. Obìnrin yìí dúró gbọnin ni. Ó ń fi etí aṣọ nu ojú.”

“Èéfín ni,” Ẹlúyẹmí sọ kíá.

“Èéfín wo? Ọ̀dọ̀ mi ni atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ sí. Èmi ni mo ń wúkọ́.”

Kábíyèsí yíjú sí Monísọ́lá. “Kí ni orin keje yìí ń wí gan-an?”

“Ó ń pe ẹnì kan lórí fóònù, Kábíyèsí. Ẹni náà ò sì ní gbé e mọ́ láé…”

Monísọ́lá wo Ẹlúyẹmí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Gbogbo ìlú ló sin Tóbilọ́ba, ọkọ Ẹlúyẹmí, ní ọdún tó kọjá. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lókè pátápátá nínú fóònù ìyàwó rẹ̀.

“Ẹ ṣí i ká gbọ́,” ni Kábíyèsí wí.

Monísọ́lá ṣí i lórí ẹ̀rọ orin tó gbé wá ṣe ẹ̀rí. Olóyè Bámgbóṣé di ojú. Pẹ̀lúmi bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Orin ò tíì dé ìdajì tí òórùn kan fi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, Olorì sì yọ pẹ̀lú ìkòkò iṣu tó dúdú bí ìdí agbada.

“Mo kàn dúró gbọ́ ọ díẹ̀ ni,” ni Olorì wí.

Kábíyèsí wo iṣu náà títí. “Ẹ̀rí ti dé. Orin keje jẹ̀bi. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i níbi tí nǹkan bá wà lórí iná. Ẹ̀kẹrin náà, kó lọ kọ́ Yorùbá kó tó tún wọ ìlú mi. Agbada Ẹlúyẹmí ò kúrò níbì kan. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó sì jókòó jẹ gààrí jíjóná yẹn tán, nínú abọ́ kan ṣoṣo.”

“Kábíyèsí, ó korò,” ni Monísọ́lá wí.

“Mo mọ̀. Èmi náà ń lọ jẹ iṣu mi.”

Ó dìde, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó dúró.

“Olorì, ṣé kò sí nǹkan kan lórí iná mọ́?”

“Kò sí, Kábíyèsí.”

“Ó dáa. Monísọ́lá, dá a padà síbẹ̀rẹ̀.”