Ràkúnmí Tó Lé Ọmọ Wọ Igbó Ẹ̀gún

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ènìyàn kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún, ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sá a? Àwọn kan á ní òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá wọn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọn ò sí níbẹ̀. Èmi náà ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n tèmi dùn ju tiwọn lọ.

Ọmọ Ìwó ni Múfútáù. Ilẹ̀ Lárúbáwá ló ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré sísá. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta tó múlé gbe ara wọn níbẹ̀ a máa kó ọ̀dọ́ wọn jọ lọ́dọọdún láti figa gbága lórí pápá. Àwọn tí Múfútáù ń bá ṣiṣẹ́ kò gba ẹ̀bùn kankan rí, àfi èyí tí wọ́n fi yìn wọ́n pé wọ́n níwà. Ni Ṣéù Káláfánì, alága eré ìdárayá wọn, bá pè é.

"Múfútáù, bí wúrà ò bá wọlé lọ́dún yìí, ilé yá."

Ilé tí Múfútáù ń kọ́ sí Ìwó kò tíì ní òrùlé.

Ọmọ kan ló gbójú lé, Náyẹ́fù. Ọ̀lẹ ni ọmọ náà bó bá ń dá sáré, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ ní ràkúnmí kan, Gàsálà, tó fẹ́ràn dàbínù ju omi lọ. Múfútáù á ki dàbínù sí àpò ṣòkòtò ọmọ, á tú Gàsálà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ha! Ẹ wá wo eré!

Lọ́jọ́ ìdíje, ó ki dàbínù sápò Náyẹ́fù, kí ara ọmọ lè rántí Gàsálà. Kò mọ̀ pé Alága ti ní kí wọ́n so ràkúnmí tó rẹwà jù mọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá, kí àlejò lè rí nǹkan wò. Ta ló tún rẹwà tó Gàsálà?

Ìbọn dún. Okùn já.

Náyẹ́fù wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kò wẹ̀yìn mọ́. Ó yà kúrò lórí pápá, ó kó sínú igbó ẹ̀gún tó wà nítòsí. Eruku bo ràkúnmí. Eré ọmọ nìkan làwọn kóòṣì yòókù rí láti òdì kejì.

"Ọ̀nà àbùjá ni!" ni ọ̀kan pariwo. "Ẹ tẹ̀lé e!"

Bí àwọn ọmọ wọn ṣe rọ́ wọ inú ẹ̀gún nìyẹn o. Kóòṣì kan tilẹ̀ fa jalámíà rẹ̀ sókè láti lọ fọ̀nà hàn wọ́n. Igi ló gba jalámíà náà. Gàsálà bá Náyẹ́fù níbi tó há sí, ó jẹ dàbínù tàpò-tàpò.

Jásímù nìkan ló kù lórí pápá. Ọmọ tí Múfútáù ń kọ́ lòun náà, ó sì lọ́ra débi pé kò rí ibi táwọn yòókù yà sí. Ó ń rìn, ó ń sinmi, ó ń tọrọ omi lọ́wọ́ àwọn òǹwòran. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba wúrà.

Alága dì mọ́ Múfútáù. "O gbọ́n! O fi ọ̀kan tàn wọ́n wọgbó, o fi ọ̀kan gba wúrà!"

Múfútáù fẹ́ sọ òótọ́. Ó rántí òrùlé. Ojú tì í díẹ̀, ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Alága."

"Náyẹ́fù ti sọ àṣírí dàbínù fún mi. Láti ọ̀la lọ, inú ẹ̀gún ni gbogbo wọn á ti máa kọ́ eré. Ìwọ ni wàá ṣáájú. Àpò tìrẹ ni dàbínù á wà."

Kò pẹ́ ni Àlájì Sùnmọ́là, àbúrò baba Múfútáù, wá ṣe Úmúrà, ó sì yà kí i. Inú ẹ̀gún ló bá a, tó ń fò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Múfútáù! Ṣé kò sí o? Kí lò ń lé?"

"Òrùlé ni, Bàbá!"

Àlájì fẹ́ bi í pé òrùlé ta ni, ṣùgbọ́n Gàsálà ti yọ lẹ́yìn igi. Bàbá ò bèèrè mọ́. Ó gbá agbádá rẹ̀ mú, ó kó wọ inú ẹ̀gún.

Nígbà tó padà dé Ìwó, àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ojúgun rẹ̀ tí ẹ̀gún ti ya, wọ́n ní irú kí lèyí fún ẹni tó lọ wá ojú rere Ọlọ́run. Àlájì rọra jókòó, ó tún fìlà dé, ó ní:

"Ènìyàn kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e."