Omi Tó Mọ́ àti Omi Tó Mọ́ Ẹja Lára

Ẹjọ́ ẹja dé ààfin lánàá, ẹja náà fúnra rẹ̀ ló sì ṣáájú wọlé, nínú korobá. Onígbàjámọ̀ ló gbé e, ó ń rìn bí ẹni tó ru ẹyin. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́, ó ń nu gbogbo ibi tí omi bá kán sí.

Ọba ní, "Ta ló pe ẹjọ́?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Ìyá ìyàwó mi ni mo pè lẹ́jọ́. Màmá, ẹ má bínú o."

"Mi ò bínú, ọmọ mi. Ro ẹjọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nu ẹsẹ̀ ẹ ná."

Onígbàjámọ̀ nu ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

"Kábíyèsí, mo ra àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí, mo gbé e sí ṣọ́ọ̀bù mi. Omi tuntun kì í gba ẹja. Inú omi tí ẹja ń mí náà ló ń tọ̀ sí, ìtọ̀ yẹn á sì di oró. Àwọn kòkòrò kan wà tójú ò lè rí, àwọn ló ń jẹ oró náà. Inú fóòmù tí omi ń gbà kọjá ni wọ́n ń kọ́lé sí, wọn kì í sì í yára kọ́lé. Ogójì ọjọ́ ni mo fi ń bu oúnjẹ ẹja sínú omi tí kò lẹ́ja, kó lè rà níbẹ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ."

Ọ̀tún ọba dá a dúró. "Ò ń fún ẹja tí kò sí lóúnjẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta wá ń jẹ ẹ́?"

"Àwọn kòkòrò náà ni."

"Àwọn tójú ò rí?"

"Àwọn náà ni, Bàbá."

Ọ̀tún yíjú sí ọba. "Kábíyèsí, ṣé ká gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ ni, àbí ká wá ẹni tó máa mú un lọ sílé?"

"Jẹ́ kó parí. Kí ni ìyá ṣe?"

"Wọ́n fọ fóòmù mi, Kábíyèsí! Ọṣẹ àti omi gbígbóná! Ẹja márùn-ún ni mo kó sínú àpótí lọ́jọ́ kọkànlélógójì. Ọjọ́ kẹta, Màmá fọ gbogbo ẹ̀. Mẹ́rin ti kú. Balógun tó wà nínú korobá yìí nìkan ló ṣẹ́ kù, bí ò bá sì rí omi gidi lónìí, òun náà ń lọ nìyẹn."

Gbogbo wa bojú wo inú korobá. Balógun wà lókè omi, ó ń yanu bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ fọ̀ ọ́?"

"Lẹ́ẹ̀mẹta, Kábíyèsí. Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ tó sùn sínú omi! Mo kó gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ inú ẹ̀, mo fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n bí wọ́n ṣe tóbi sí."

"Ta ló rán yín?"

"Òun náà ni! Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mo ní, 'Ọmọ mi, kí ló dé táwọn ẹja yìí sá sí igun kan?' Ó ń gẹrun fún oníbàárà, kílípà ń dún. Ó ní, 'Màmá, omi ò tíì mọ́.' Kí àna mi sọ fún mi pé omi òun ò mọ́, kí n káwọ́ gbera?"

Onígbàjámọ̀ fò sókè. "'Omi ò tíì mọ́ wọn lára' ni mo wí! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni!"

"Mi ò gbọ́ 'wọn', mi ò gbọ́ 'lára'. Kílípà ẹ ló gé e sọnù."

Ọba pe ìyàwó onígbàjámọ̀, ọmọ ìyá yìí kan náà, kó wá jẹ́rìí.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Kábíyèsí."

"Kí lo gbọ́?"

Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. "Mi ò sí níbẹ̀."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní o wà níbẹ̀ ni!"

"Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ mi sọ ọ́. Nígbà tí màmá mi máa fi gbọ́ ọ, mo ti jáde."

Wọ́n ní kó jókòó. Onígbàjámọ̀ tọ́ka sí ọkùnrin tó ta ẹja fún un, tó jókòó láàárín èrò. "Kábíyèsí, bó bá ní fóòmù tó ti pẹ́ nínú omi, ìdajì ẹ̀ lè gba Balógun là. Àwọn kòkòrò á ti wà nínú ẹ̀."

Ọba ní, "Ẹlẹ́ja, ìgbà wo lo fọ fóòmù ẹ kẹ́yìn?"

"Lójoojúmọ́ ni, Kábíyèsí! Ọṣẹ ni mo fi ń fọ̀ ọ́! Ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ tónítóní."

"Á jẹ́ pé òkú ọ̀la ni gbogbo ẹja tó ò ń tà."

Ìjòyè mẹ́ta tó ti ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó dọ̀tí, Kábíyèsí!" ni ẹlẹ́ja kígbe. "Ọdún méjì lọṣẹ ò ti kàn án! Ó dọ̀tí débi pé mi ò jẹ́ kíyàwó mi rí i!"

Ọba nàró.

"Onígbàjámọ̀, láti òní lọ, bó o bá fẹ́ bá àgbà sọ̀rọ̀, pa kílípà. Bí orí oníbàárà bá ṣe ìdajì, kó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́ja, gé ìdajì èyí tó dọ̀tí jù. Ìyá, ẹ̀yin lẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé e gba àárín títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù àna yín. Ẹni tó bá bi yín pé kí lẹ gbé, ẹ dáhùn pé, 'Ìdọ̀tí ni, mo sì ń tọ́jú ẹ̀.' Ẹ ò gbọdọ̀ ṣàn án."

Ìyá figbe ta. "Kábíyèsí, ẹ kúkú tì mí mọ́lé!"

"Ẹ yára, kó má baà gbẹ."

Èèyàn mọ́kànlá ló bi í léèrè lọ́nà. Ó dá gbogbo wọn lóhùn, omi dúdú ń ṣàn gba ìgúnpá rẹ̀. Onígbàjámọ̀ da omi tó ti sùn mọ́jú nínú àgbá sínú àpótí, wọ́n fi fóòmù náà sáyè rẹ̀, wọ́n dá Balógun padà.

Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ yìí, Balógun ti wà nísàlẹ̀, ó ń jẹun láàárín òkúta. Ìyá jókòó sórí àpótí ìjókòó níwájú rẹ̀. Oníbàárà kan na ìka kó lè yọ ẹrẹ̀ díẹ̀ kúrò lára fóòmù. Ìyá gbá a lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ rọra. Ìwọ̀nba ìdọ̀tí tá a ní nìyẹn."