Àlejò Inú Láptọ́ọ̀pù Tísà Bándélé

Tísà Bándélé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìjà ilẹ̀ ìdílé wọn. Ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Mùjídàt, ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìbarà. Orin kan wà nínú rẹ̀ tí Beatrice, olóògbé ìyàwó rẹ̀, kọ, kò sì sí níbòmíràn. Ẹ̀rọ náà ti wá ń falẹ̀ débi pé orin ń já bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Ẹ̀rù ń ba Tísà kí ohùn obìnrin náà má lọ parẹ́.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Mi ò ní fọwọ́ kan ètò àtijọ́ tó ń darí ẹ̀rọ yìí. Òmíràn tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì ni màá fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó fúyẹ́, kì í jẹun púpọ̀. Wọn á jọ máa gbénú ẹ̀rọ kan náà."

"Ṣé ọmọ onílẹ̀ ni àbí àlejò?"

"Ẹ jẹ́ ká pè é ní àlejò, sà. Màá gé díẹ̀ fún un lára àyè tó ṣófo."

"Ẹlẹ́rìí dà?"

"Ẹlẹ́rìí kẹ̀, sà?"

"A kì í gé ilẹ̀ fún àlejò láìsí ẹlẹ́rìí. Bó bá pẹ́, á ní bàbá ńlá òun ló tẹ ibẹ̀ dó. Ìṣákọ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀fẹ́ ni, sà. Ẹ ò ní san nǹkan kan."

"Ta ló ní èmi ni màá san? Òun ni kó wá máa san án fún mi."

Mùjídàt bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tísà fa àga sún mọ́ ọn, ó ń ṣọ́ ààlà. Nígbà tí Mùjídàt parí, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Orúkọ ètò méjèèjì yọ lójú ẹ̀rọ, ti tuntun ló wà lókè.

"Kí nìyẹn?"

"Ètò tuntun ló ń béèrè èyí tí ẹ fẹ́ lò, sà."

"Àlejò tó dé lónìí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bi mí pé ta ni mo wá kí nínú ilé mi?"

"Mo lè yí i, sà, kó bọ́ sísàlẹ̀."

"Yí i. Bó bá ṣeé ṣe, kó dọ̀bálẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò, sà." Mùjídàt ṣí ètò tuntun náà, ó sì wọ ibi tí orin wà.

"Dúró ná. Ṣebí yàrá onílé nìyẹn? Ta ló fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ó lè rí ẹrù ètò àtijọ́ tó jẹ́ onílé, sà. Onílé ni ò lè rí tiẹ̀."

"Mo sọ àbí mi ò sọ? Báyìí ni ẹjọ́ ilẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀."

Tísà ti nawọ́ láti pa ẹ̀rọ nígbà tí ohùn Beatrice jáde, tó ń kọ orin tó máa ń kọ bó bá ń ṣa òkúta inú ìrẹsì Ọ̀fàdà. Kò já lẹ́ẹ̀kan títí tó fi parí. Omi lé ròrò sójú Tísà. Àárò ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ gan-an, inú rẹ̀ sì tún dùn, nítorí ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ orin náà délẹ̀.

"Ṣé kí n wá gbé àlejò sísàlẹ̀ báyìí, sà?"

Tísà fi áńkáṣífì nujú. "Fi í sílẹ̀ lókè. Onílé ni kó o bá mi fún ní kúìtì nótíìsì."