Adégbóyèga Lọ sí Àpáta Bádámì

Bí ẹ bá ń gbé ìhà ibí yìí ní Houston, tí ẹ kò mọ Olóyè Adégbóyèga, á jẹ́ pé àlejò ni yín. Òun ni Arìnkárí-ayé. Òun ni Mo-ti-débẹ̀-rí, Ẹlẹ́nu-má-sinmi, ọkùnrin tí í rin ẹgbẹ̀rún máìlì lórí àga tìmùtìmù. Agbádá rẹ̀ gùn débi pé bí òun fúnra rẹ̀ bá ti jókòó sí ìpàdé ní Missouri City, etí agbádá náà ṣì ń wọ́ bọ̀ lórí fríwéè láti Mission Bend. Ẹ má bi mí bóyá òótọ́ ni. Ojú mi ló ṣe.

Kò sí ibi tí ẹ máa dárúkọ tí kò tíì dé. Ẹ ní Brazil, á ní òun sùn níbẹ̀. Ẹ ní Japan, á ní ìyá arúgbó kan sunkún níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òun ń padà bọ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan ṣèèṣì dárúkọ òṣùpá. Olóyè wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná."

Àwa àgbààgbà tí a ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹgbẹ́ kan tó máa ń rìnrìn àjò lọ́dọọdún. Lọ́dún yìí, a fẹnu kò sí Bádámì, ní gúúsù ilẹ̀ India, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti gbẹ́ tẹ́ńpìlì sínú àpáta. Òpó, àjà, ère, inú òkúta kan náà ni wọ́n ti gbẹ́ gbogbo rẹ̀ yọ.

Sístà Tẹjú ló mú ìmọ̀ràn náà wá. Clear Lake ni obìnrin yìí ti ṣiṣẹ́ ẹnjiníà, níbi tí wọ́n ti ń rán nǹkan lọ sí òfuurufú, ṣùgbọ́n abẹ́ Olúmọ ni wọ́n bí i sí. Ọ̀run ni iṣẹ́ rẹ̀, òkúta ni ìfẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń kàwé nípa Bádámì.

Àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò náà ṣèlérí pé ọ̀fẹ́ ni olórí wa máa lọ, àga ńlá iwájú bàálù ló sì máa jókòó sí. Gbogbo wa ti gbà pé Tẹjú ni. Àìsàn ìyá rẹ̀ ti gba gbogbo ohun tó fi pamọ́. Bí kò bá ṣe olórí, ilé ló máa wà.

Àga iwájú bàálù! Ọ̀rọ̀ yìí ni Adégbóyèga gbọ́ tí itọ́ fi kán sí i lágbádá.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "ta ni í ṣíwájú? Ṣé ẹni tó ka ọ̀nà nínú ìwé ni, àbí ẹni tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́?"

Tẹjú ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti dé Bádámì rí ni?"

"Lọ́la ni mò ń lọ! Mo fẹ́ lọ tún ọ̀nà ṣe fún yín. Tó bá di ìpàdé tó ń bọ̀, inú àpáta yẹn gan-an ni ẹ ti máa rí mi, lórí fídíò. Ẹ ó wá mọ ẹni tí àga yẹn tọ́ sí."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Tẹjú kò pàtẹ́wọ́. Okùn báàgì rẹ̀ ló ń fà.

Lọ́jọ́ kejì, fọ́tò Olóyè balẹ̀ sórí Wọ́sáàpù: àpótí ńlá lọ́wọ́, awò dúdú lójú. "Ẹ fi àdúrà sìn mí o. Mo ti ń wọ bàálù."

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Bí baálé ilé bá rìnrìn àjò, a kì í fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ láìbẹ̀ ẹ́ wò. Amẹ́ríkà kò tíì gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Wùmí ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Òpópó kejì sí tiwọn ni mò ń gbé. Ìyàwó mi se ewúrẹ́, mo gbé e lọ fún un. Ó se adìyẹ, mo gbé e lọ. Wùmí á ṣílẹ̀kùn díẹ̀, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ ṣé, Baba." Á gba abọ́ tuntun, á dá ti àná padà láìfọ̀, nítorí ó ti ń sáré lọ síbi iṣẹ́.

Inú abọ́ yẹn ni mo ti rí ohun tó bà mí lẹ́rù. Wùmí yìí tí í fi fọ́ọ̀kì jẹ mọ́ínmọ́ín, egungun ewúrẹ́ ló rún lúúlúú báyìí, tó fa mùdùnmúdùn rẹ̀ gbẹ!

Mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Ìyá Bíyìí, eyín ìkookò ló wà lẹ́nu nọ́ọ̀sì yìí."

"Baba Bíyìí, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ìrònú ọkọ ló ń ṣe é."

"Ìrònú kì í jẹ egungun."

Ọjọ́ ìpàdé pé. Orí fóònù ni a ti ṣe é, kálukú nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti di oúnjẹ sí kúlà ńlá fún Wùmí, kò sì fẹ́ kó bàjẹ́. Mo bá ki fóònù bọ àpò àyà, ojú rẹ̀ síta, mo gbé kúlà, mo ń lọ lójú títì.

Adégbóyèga yọ lójú fóònù. Ògiri òkúta aláwọ̀ eérú wà lẹ́yìn rẹ̀, òdòdó wà lọ́rùn rẹ̀, ohun ìgbọ́rọ̀ ńlá kan sì bo etí rẹ̀ méjèèjì bí ìdajì àgbọn.

"Ẹ kú ilé o! Inú àpáta Bádámì nìyí. Afẹ́fẹ́ ibí tutù bí omi inú àmù!" Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bí òjò.

Tẹjú ní, "Bọ̀dá, ṣebí pupa ni àpáta ibẹ̀?"

"Tẹjú, Tẹjú! Àlejò ló máa ń pupa fún. Èmi, ó ti mọ̀ mí."

Mùsílíù, alága wa, ní, "Olóyè, ariwo wo ló ń dún yẹn?"

"Ọ̀bọ ni. Ọ̀bọ pọ̀ níbí."

"Ọ̀bọ tó ń dún bí ẹ́ńjìnnì?"

"Bàbá wọn nìyẹn."

Mo dúró. Mo gbọ́ ọ̀bọ náà nínú fóònù. Mo tún gbọ́ ọ nínú ọgbà aládùúgbò Wùmí, níbi tí ọkùnrin kan ti ń fi ẹ̀rọ gé koríko.

Mùsílíù ní, "Ó dáa. Ẹni tó bá gbà pé kí Olóyè ṣíwájú, kó nawọ́." Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Tẹjú sorí kodò.

Ìgbà yẹn gan-an ni Wùmí wakọ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró níwájú garéèjì.

"Ẹ ǹlẹ́, Baba. Ẹ tún gbé oúnjẹ wá?"

"Ó wúwo, ọmọ mi. Ṣí garéèjì ká gbé e sí fírísà." Ṣé ilé Yorùbá kan wà ní Houston tí fírísà kejì kò sí ní garéèjì rẹ̀?

Wùmí wo ilẹ̀kùn garéèjì. Ó wo kúlà. Ohùn ọkọ rẹ̀ sì ń jáde látinú àpò mi: "Àpáta yìí kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, Tẹjú. Ìyàwó tèmi gan-an, bó bá rí aláǹgbá níbí, á dákú!"

Wùmí, tó ti fi gbogbo òru dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára àwọn èèyàn ní yàrá pàjáwìrì, rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Òótọ́ ni, Baba. Ó yẹ kó wọ fírísà." Ó tẹ rìmóòtù.

"Ẹ wo ògiri ẹ̀yìn mi yìí," Adégbóyèga ń wí, etí rẹ̀ dí pa. "Láti ayébáyé ló ti dúró síbẹ̀. Ìjì jà, kò mì. Ogun jà, kò—"

Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ilẹ̀kùn garéèjì tó pè ní tẹ́ńpìlì ká ara rẹ̀ bí ẹní, ó lọ sùn lábẹ́ àjà. Gbogbo ẹgbẹ́ kọ́kọ́ rí sílípáàsì mi. Wọ́n rí orúnkún mi. Wọ́n rí kúlà, wọ́n rí Wùmí, wọ́n rí garawa ìdọ̀tí. Wọ́n rí ọkùnrin tó ń gé koríko: bàbá àwọn ọ̀bọ, ó ń juwọ́ sí wa.

Àwọn ọwọ́ tó ti nà kò mọ ibi tí wọ́n máa bà.

Tẹjú ní, "Bọ̀dá, ẹ wo ẹ̀yìn yín."

"Arìnrìnàjò kì í wo ẹ̀yìn!"

Mo wọlé. Mo gbé kúlà lé fírísà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ìyàwó mi tó kún fún egungun. Mo fọwọ́ kàn án léjìká. "Olóyè, ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ kú ewu ọ̀nà jíjìn."

Ó yíjú. Ó wo ìta. Ó wo òkè àjà, níbi tí Bádámì wà. Òdòdó já lọ́rùn rẹ̀.

"Mo... mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Láti ibo?" Mùsílíù bi í. "Láti kíṣìnì?"

Ẹ̀rín tó sọ lórí fóònù yẹn, ó kù díẹ̀ kó fọ́ àpò mi. Nígbà tí a tún ìbò dì, orúkọ Tẹjú ni gbogbo ọwọ́ gbé sókè. Wùmí tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ nawọ́ tirẹ̀ náà, rìmóòtù ṣì wà níbẹ̀.

Àṣẹ kan ṣoṣo ni olórí wa tuntun pa. Ó ní, "Orúnkún Baba Bíyìí kò gbà kí wọ́n lọ, Ìyá Bíyìí sì ń bá wa lọ. Bọ̀dá Adégbóyèga, ẹ̀yin tí ẹ ti dé Bádámì, ẹ kúkú dúró. Ẹ máa gbé oúnjẹ lọ fún Baba."

Wọ́n ti lọ, Wùmí náà sì bá wọn lọ. Fọ́tò wọn ń wọlé lójoojúmọ́: Tẹjú dì mọ́ òpó òkúta kan tó pupa bí epo, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Olóyè sì ń gbé abọ́ bọ̀ wá bá mi láti òpópó kejì, láìwọ agbádá. Iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ kò burú. Mo máa ń rún egungun rẹ̀ lúúlúú kí n tó dá abọ́ rẹ̀ padà.